Ibi Tí Ọwọ́ Káfíńtà Mọ

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ fẹ́ káfíńtà, àwọn ará àdúgbò ní àkàsọ̀ ni káfíńtà gbé níyàwó. Obìnrin náà ga, apá rẹ̀ gùn. Ọkọ rẹ̀ kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn àbúrò rẹ̀ pín irinṣẹ́ rẹ̀. Ọrun gígùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìṣó. Wọ́n ní igi lásán ni.

Ìyá Aránṣọ gbé ọrun náà lọ bá Bàbá Olọ́fà, tí ó kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọfà títa, ní pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́.

“Ìyàwó wa,” ni bàbá náà wí, “ibi tí ọkọ rẹ ń fà á dé nìkan ni ọrun yìí mọ̀. Tí o bá fà á kọjá ibẹ̀, á ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ ibẹ̀, bàbá?”

“Má jẹ́ kí okùn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Fara balẹ̀.”

Ó gbé èjìká sílẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta mú okùn, ó fà á. Kí ó tó ronú àtidúró, nǹkan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fipá mú un. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn bá di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú létí títì kí mọ́tò tó kọjá. Ó wẹ̀yìn. Koríko nìkan ló rí. Ó ní nǹkan dá òun dúró.

Bàbá Olọ́fà gba ọrun náà, ó fà á títí igi fi ké, ó sì yára dá a padà.

“Kò sí ohun tó ń dá a dúró,” ó wí.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ránṣọ tán, pápá ló ń lọ. Gbogbo ọfà rẹ̀ ń já sílẹ̀ kí ó tó dé ibi àmì.

“Ìyá Aránṣọ,” ni onígbàjámọ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ ọfà títa wí, “àbí àna ọfà yín ni àmì yẹn? Kò kúkú fẹ́ fojú kàn án.”

“Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un.”

Àmì kọ́ ló bá wá. Nítorí ọwọ́ tó ń dì í mú yẹn ló ṣe ń wá.

Nígbà tó yá, ọrun náà sán. Bàbá Olọ́fà fi àtàǹpàkò tọ ojú ibẹ̀, ó ní kí ó gbé e kọ́, òun á yá a ní èyí tó bá apá rẹ̀ mu. Ìyá Aránṣọ kò sùn dáadáa. Bí ó bá ń ta á lọ, ọrun á ṣẹ́. Bí ó bá gbé e kọ́, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ó gbé e kọ́.

“Fa tuntun yìí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́,” ni bàbá wí. “Apá tìrẹ ni mo fi wọ̀n ọ́n.”

Ó fà á. Níbi tí ó ti máa ń dúró gan-an, ọwọ́ náà dì í mú.

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ bá a. “Ẹ ṣé, ọkọ mi,” ó wí lábẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ kọjá ibẹ̀, kó kàn fi dán an wò. Ọwọ́ náà kò tú u sílẹ̀. Ó tún le sí i.

“Fà á, ìyàwó wa.”

“Ibi tí mo lè fà á dé rèé, bàbá.”

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti aṣọ oníbàárà, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó gún un, ó sì fà á jáde. Apá rẹ̀ kò tíì nà tán tí ọwọ́ náà fi dì í mú. Ó rọra fà á. Kò lọ.

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kejì mú àlùmọ́gàjí, ó gé òwú náà kúrú dé ibi tí ọwọ́ náà mọ.