Wọ́n Wọn Ìyá Ọkọ Mi Lórí Òṣùwọ̀n Irin Àlòkù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu mi kó tó jáde, ká má tíì sọ pé kó dé orí ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti kú, a ti sin wọ́n, àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ sì dákẹ́ bí ẹni pé ewé ló já bọ́ lára igi. Ìdí nìyẹn tí èmi ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tí mi ò tíì mọ ibi tí gbogbo ìkòkò ilé wà, fi jókòó tí mò ń kọ èyí.

Orí àga ni wọ́n kú sí, nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, torí bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí kì í tó wọn. Wọ́n á ká aṣọ jọ sórí máṣíìnì, wọ́n á gbé orí lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo gbé omi ìwẹ̀ wọn wá, mo ní, "Ìyá mi, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́." Mo tún un sọ. Mo rò pé oorun ló gbé wọn lọ. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé wọ́n rí oorun sùn. Omi yẹn tutù sí mi lọ́wọ́ kí n tó gbà pé wọn ò ní dáhùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn tó wá kí wa ń sọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n màmá yẹn sanra jù." Òmíràn ní, "Ẹnu wọn ni kò sinmi." Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún wọn ń gbọ́ o. Èmi ni mo mọ̀ pé àwo tèmi máa ń kún ju tiwọn lọ, èmi sì rèé, mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ta ló bú mi rí pé ẹnu mi ò sinmi?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, ojú máa ń tì mí débi pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń jẹun. Wọ́n wá sọ mí ní Ojú-ń-tì-mí. "Ojú-ń-tì-mí, ṣé ọmọ mi lo fẹ́ ni àbí ilẹ̀kùn?" Ẹ̀rín pa mí, mo jáde, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ń wọn oníbàárà, wọn kì í pe iye rẹ̀ sókè. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á pa ọwọ́ dé, kódà èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kì í rí i. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan, aṣọ rẹ̀ ò wọlé mọ́, omi ti ń lé sí i lójú. Ó ní, "Màmá, mo ti sanra, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aṣọ yẹn ló súnkì. Bọ́ ọ sílẹ̀ kí n bá a wí."

Nígbà tó lọ tán, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Aṣọ ni à ń gé, ìyàwó mi. A kì í gé ènìyàn."

Irú ẹni báyìí ni ilé ìwòsàn àdúgbò wa gé sí wẹ́wẹ́.

Orúnkún ló kọ́kọ́ gbé wọn débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò gbójú sókè. "Màmá, ẹ lọ dín ara kù." Ó pe ẹni tó kàn. Nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn, a tún lọ. "Màmá, ẹ ò tíì dín in kù?" Ó mú aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fà á, kò ká apá ìyá wa, ó ya fàà. Ìyá wa ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá bá yín fi aṣọ kún un." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán. Kò sẹ́ni tó wá aṣọ mìíràn, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa, ọjọ́ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn yẹn dára o, ẹ má rò pé mò ń bà á jẹ́. Wọ́n kun ògiri rẹ̀, wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún gbé àga tuntun wá, àga tó ní apá lọ́tùn-ún lósì, tí kò gba ìdí ìyá mi. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà títí yóò fi kàn wọ́n, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Òṣùwọ̀n ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ti ilé ìwòsàn ò lè gbé wọn. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí òdìkejì títì: "Ẹ sọdá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n wọ̀n yín, kí ẹ wá sọ iye rẹ̀ fún wa." Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá tóbi nìyẹn, ó ti mọ́ wọn lára.

A sọdá. Àwọn ọkùnrin tó ń ru irin yí wa ká. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan kúrò lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní kí ìyá mi gun ibẹ̀. Ọ̀kan pariwo pé, "Ọ̀gá, ṣé ká tú u sí wẹ́wẹ́ ni àbí a máa rà á lódidi?"

Ìyá mi dá wọn lóhùn, "Ẹ ò lè rà mí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Irin tèmi ò tíì dípẹtà."

Wọ́n hó yèè. Wọ́n pe iye rẹ̀ sókè, ará títì gbọ́. Ẹni tó ń kọ tèèyàn sínú àtẹ́lẹwọ́! Nígbà tí à ń sọdá padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin, títí ọwọ́ náà fi ń dùn mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mi ò ní débẹ̀ mọ́." Wọn ò sì débẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọsibítù ńlá la gbé òkú wọn lọ. Dọ́kítà kan bi ọkọ mi pé, "Ta ló ń bá wọn tọ́jú ìsanrajù wọn?"

"Dọ́kítà, ṣé wọ́n máa ń tọ́jú ìyẹn náà ni?"

Dọ́kítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní àìsàn ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe ìwà ọ̀kánjúwà. Ó ní a kì í wò ó lẹ́ẹ̀kan kó tán, ṣe la máa ń bá ẹni náà rìn lọ. Ó lóògùn, ó ní oúnjẹ tí aláìsàn àti olùtọ́jú jọ ń jókòó ṣètò, ó ní àyẹ̀wò oorun, torí èémí ẹlòmíràn máa ń dá dúró lójú oorun. Ó ní ilé ìwòsàn àdúgbò ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò ké. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀.

Mo wá bi yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn yẹn. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, ṣé "lọ dín ṣúgà ara ẹ kù" lẹ máa ń sọ fún un, tí ẹ ó sì ti ilẹ̀kùn? Èwo nínú yín ló lè gun òṣùwọ̀n irin lójú ará títì? Nọ́ọ̀sì náà wá kí wa. Yúnífọ́ọ̀mù tí ìyá wa rán fún un ló wọ̀ wá, ó sì sunkún. Ó ní, "Ìyàwó, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní èyí tó yẹ ká ṣe." Mo gbà á gbọ́. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ rán an sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo ni mò ń bá wí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin gbé ara ìyá rẹ̀ wọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sùn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí wọ́n lọ wọ̀n mí lórí òṣùwọ̀n ẹ́ńjìnnì? Ìwọ máa dá lọ." Mo ṣì ń retí pé yóò gbà.

Kí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà jáde, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ nínú ìwé ìròyìn yìí ẹni tó ní kí wọ́n máa rán aláìsàn sọ́dọ̀ onírin. Kó gbé òṣùwọ̀n tó lè gbé èèyàn wá, kó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kó wá aṣọ tó ká apá, àti àga tí kò ní apá. Kó yan ẹni tí yóò máa bi àwọn aláìsàn pé ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀, tí wọn ò bá wá, kó wá wọn dé ilé. Ojú ń tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí èyí, mi ò ní...

Ẹ dákun, àbúrò ọkọ mi ń pè mí láti ìta. "Ìyàwó wa! Ṣé ìwé lo máa fi gbogbo òwúrọ̀ kọ ni? Mo ti wọ bàtà, wá ká lọ kí n tó yí ọkàn padà o!" Ó ti wọ bàtà! À ń bọ̀ níbẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe nawọ́ sí òdìkejì títì fún un.