Fúláàṣì Ọrùn Ẹ̀gbọ́n

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni àwọn ọmọ àdúgbò Máfolúkù dé ṣọ́ọ̀bù géèmù Ẹ̀gbọ́n ní Jákáńdè, Ìsọlọ̀, láti bá wa gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Fúláàṣì ń fì lọ́rùn Ẹ̀gbọ́n bí ìgbà gbogbo. Inú rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń kó jẹ́sì àti pápá tí wọ́n fi kún géèmù náà sí, kí wọ́n tó dà á sórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ti ọ̀kan bá yàtọ̀, kò ní lè bá àwọn yòókù ṣeré.

Lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n gan-an ni kò gbà láti bá àwọn yòókù ṣeré.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n nìyẹn láàárọ̀, lálẹ́.

"Ẹ kúkú sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, ká máa lọ," ni ọmọ Máfolúkù kan wí.

Mo fi àwọn fáìlì wéra. Jẹ́sì kan ṣoṣo ló lé lórí ti Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí i. Wọ́n kọ "Àbẹ̀kẹ́" sẹ́yìn rẹ̀, oríkì Àǹtí, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Àǹtí ló fọwọ́ kàn án ni?" Ẹ̀rín bo ṣọ́ọ̀bù.

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n máa pa á rẹ́ ni. Wọ́n bọ́ fúláàṣì lọ́rùn, wọ́n sì da jẹ́sì náà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Jẹ́sì náà ni àwọn ọmọ Máfolúkù mú, àwọn ló sì kọ́kọ́ jẹ góòlù, gbogbo wa sì pariwo pé, "Àbẹ̀kẹ́ ti gbá a wọlé!"

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ jẹ́sì náà fún Àǹtí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé nígbà tí mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, fúláàṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án?"