Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Dàpọ̀ Dé Orí Yìnyín ní Dubai

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Bàtà ọmọdé tí mò ń tà ni mo fẹ́ lọ rà ní Dubai, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ àbúrò mi ni kò jẹ́ kí n sùn nínú ọkọ̀ òfurufú. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ṣe sikiọ́ríìtì níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín. Bàtà tó ní irin bí ojú ọ̀bẹ lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á máa fi igi gbá rọ́bà kan kiri. Dàpọ̀ kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ sikiọ́ríìtì rẹ̀ máa parí lópin oṣù, ẹgbẹ́ kan sì ní kó wá kí àwọn dán an wò. Bó bá yege, wọ́n á máa sanwó fún un láti gbá a. Bí kò bá yege, ilé yá.

Al Nahda ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, ló ń gbé. Bedspace ni wọ́n ń pè é: èèyàn kì í háyà yàrá, bẹ́ẹ̀dì ló ń háyà. Àwa méjèèjì há mọ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dúró jẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dubai, dírámù méjìlá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Títì wọn ò ní kòtò kankan, síbẹ̀ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ wà. Dàpọ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé we go reach by nine?"

"Jókòó jàre! Ṣé ìwọ lo máa ti bọ́ọ̀sì ni?"

Ọkàn tèmi náà ò balẹ̀.

Nígbà tá a dé pápá yìnyín náà, inú ibẹ̀ tutù ju ọyẹ́ lọ. Òfin eré náà gbà kéèyàn fi èjìká gbá ẹni tí rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lulẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan gbé rọ́bà bọ̀, Dàpọ̀ gbá a, bàbá náà ṣubú. Kí ni àbúrò mi ṣe? Ó dúró, ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, sà!"

Àwọn tí wọ́n jọ ń díje gbé rọ́bà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbá a sáwọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tiẹ̀ yà fún bàbá náà.

"Khalas!" ni kóòṣì pariwo, ìyẹn ni pé ó tó gẹ́ẹ́. "One more, you go home!"

Ojú tì mí, inú sì bí mi, torí èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ láti máa bọ̀wọ̀ fágbà. Mo sáré lọ sídìí gíláàsì.

"Dàpọ̀! Gbá a! Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo ní kó o gbá a! Tó bá di ẹ̀ṣẹ̀, tèmi ni!"

Bàbá yẹn tún dé. Dàpọ̀ fi èjìká gbá a lulẹ̀, ó gba rọ́bà, kò wẹ̀yìn, ó gbá a wọlé. Bàbá dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó fọwọ́ gbá Dàpọ̀ lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Yalla, habibi!" Ìyẹn ni pé, ó yá, ọ̀rẹ́ mi.

Wọ́n gbà á. Mo sunkún láàárín àjèjì, n ò sì bò ó.

Ọjọ́ kẹrin ni mo padà dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú bàtà mi. Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn: níbẹ̀, tó o bá yà fún bàbá, o fojú di í ni. Mo rò pé ó ti yé mi yékéyéké, àfìgbà tí Màmá wa wo fídíò eré náà tí mo ká sínú fóònù mi. Wọ́n rí ọmọ wọn tó gbá arúgbó lulẹ̀, tó kọjá lọ. Wọ́n káwọ́ lérí.

"Yéè! Ta ló kọ́ Dàpọ̀ nírú ìwà yìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni, mà."