Pákó Wà fún Bàtà Àlejò

Ilésanmí Akíntúndé kú sínú kòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Òjò ti rọ̀ léraléra ní Ìlórò-Èkìtì, ilẹ̀ ti rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìkòkò àtijọ́ kan, ògiri kòtò sì ya lù ú. Kí wọ́n tó wà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Awalẹ̀pìtàn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wú ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, ká lè mọ bí wọ́n ṣe gbé ayé. Ikú rẹ̀ dùn mí dé egungun.

Ọmọ ilé wa ni, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi. Bí ẹ bá bá a rìn lójú ọ̀nà Ìjerò, ẹ ó rò pé nǹkan ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ló máa ń wò ṣáá. Bó bá fẹ́ sanwó takisí, àpáàdì ni yóò kọ́kọ́ jáde lápò rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà á ní, "Bàbá, a kì í ná èyí mọ́ o." Rachael, ìyàwó rẹ̀, a máa ráhùn pé ulé òun ti di ààtàn. Ọkọ rẹ̀ á mú àpáàdì kan dání, á rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó fọ́ ìkòkò yìí, ìyá rẹ̀ bá a wí lọ́jọ́ náà." Bí aládùúgbò ló ṣe ń rí àwọn òkú.

Ẹgbẹ́ Ìtàn-Abẹ́-Ilẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn jákèjádò Nàìjíríà, máa ń pàdé lọ́dọọdún. Ilésanmí kì í pa á jẹ. Òun ló dá àṣà kan sílẹ̀ láàrin wọn: kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìmọ̀ kankan, oníkálukú á bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sínú igbá kan, wọ́n á sì pe orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kú lọ́dún náà lórí igbá ọ̀hún, gbogbo ilé á dìde. Ó ní kò yẹ kí ẹni tó ń wá òkú olókùú kiri gbàgbé òkú tirẹ̀. Ọdọọdún ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣe ìpàdé ní Ìjerò. Lọ́dún yìí, wọ́n gbà.

Nítorí àlejò wọ̀nyí ló ṣe ń kánjú iṣẹ́ kòtò Ìlórò. Ó lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó gbà á síṣẹ́, ó tọrọ pákó tí yóò fi ti ògiri kòtò kí òjò má bàa wó o. Ọ̀gá rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Pákó kẹ̀? Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ sínú kòtò ni?" Ó tún padà lọ bẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Òjò kò sì dúró de ọ̀gá.

A sin ín, kò pẹ́, ẹgbẹ́ dé. Mo tẹ̀lé Rachael lọ sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ìjerò. Ó gbé agolo mílíìkì kan dání, erùpẹ̀ kòtò Ìlórò ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ dà á sínú igbá nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ bu tiwọn, àwọn ará Òkè Ọya bu tiwọn. Ààrẹ ẹgbẹ́ pe orúkọ àwọn òkú, gbogbo ilé dìde. Rachael ṣí agolo. Wọ́n jókòó.

"Akọ̀wé" ni Rachael máa ń pè mí, nítorí ìyàwó ilé wa kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. "Akọ̀wé, ṣé an ti pe é?"

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

"Àbí etí mi ni? Ulé rẹ̀ la wà yìí o."

Mo lọ bá ààrẹ. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó wà lórí àga ọlọ́lá. Bí a bá pe orúkọ yẹn níwájú wọn, á dà bíi pé a ń fi ẹ̀sùn kàn wọ́n." Ta ló wà lórí àga? Ọ̀gá tó fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó tọrọ pákó ni! Wọn kò gbàgbé Ilésanmí o. Wọ́n rántí rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gbé e mì.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ti Ilésanmí ò tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kò sunwọ̀n láàyè, wọn ò tún jẹ́ kó dère.

Lọ́sàn-án, wọ́n lọ wo kòtò ní Ìlórò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fojú ara mi rí: pákó tuntun, tí wọ́n fá dán, ni iléeṣẹ́ yẹn tẹ́ yí etí kòtò ká kí ẹrẹ̀ má bàa ba bàtà àwọn àlejò jẹ́. Ọ̀gá dúró lórí rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n jiyàn gidi lórí ọjọ́ orí ìkòkò tó jáde níbẹ̀. Ta ni nínú wọn tó béèrè ọwọ́ tó kan ìkòkò náà gbẹ̀yìn? Rachael kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ẹ̀yin awalẹ̀pìtàn, ẹ̀yin tí ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò léyín òkú tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀, kí ni òkú tiyín fi ṣe yín? Ṣé ó di ìgbà tó bá pé ẹgbẹ̀rún ọdún nílẹ̀ kí ẹ tó dá a mọ̀? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹ sọ fún wa ní gbangba ẹni tó fi pákó du alààyè, tó wá rí i tẹ́ fún bàtà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tún jókòó sórí àga kankan kó tó wí tẹnu rẹ̀.

Rachael ti dé agolo rẹ̀. Ó gbé e sójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpáàdì tó máa ń ráhùn lé lórí tẹ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá wọn dànù mọ́. Ibi yòówù kí ẹgbẹ́ ti pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, yóò gbé agolo náà wá, èmi yóò sì bá a wá. Ẹnikẹ́ni ì báà wà lórí àga. Ẹ pe ọkọ rẹ̀.