Wọ́n Ní Ebi Ni

Bí inú bá ń run ọmọdé ní Ìwó, ẹjọ́ ìyá rẹ̀ ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún méje, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lókè ìdodo. Á ká jọ sórí ẹní, á máa gùnfẹ̀ bí àgbàlagbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo ilé fi fẹnu kò: ọ́sà ni, ọgbẹ́ inú, ebi ló sì fà á. Ẹni tó bá ń jẹun lásìkò kì í ní ọgbẹ́ inú. Ta wá ni kì í fún ọmọ lóúnjẹ lásìkò? Èmi náà ni.

Olùkọ́ ni mí. Aago méje kì í kọjá kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí iléèwé, ìyẹn nìkan sì ti tó ẹ̀rí lójú wọn. Ìyá tó ń sáré jáde láàárọ̀, ìgbà wo ló máa dáná? Mo ń dáná o! Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ń gbọ́ bí mo ṣe ń fọ ìkòkò lójoojúmọ́, síbẹ̀ òun ló dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n jọ̀ọ́, kí n máa ṣàánú ọmọ náà. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, à bá jà lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá ọkọ mi ní Olúpọ̀nnà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú iṣu àti gàrí. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí apá rẹ ò bá ká a, jẹ́ kí n mú ọmọ mi lọ."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́, àmọ́ bí ọmọ ò bá sanra títí iléèwé á fi gba ìsinmi, àwọn á mú un lọ. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ní kí n ṣe sùúrù. Gbogbo ohun tó rí sọ náà nìyẹn.

Bí mo ṣe sọ oúnjẹ di iṣẹ́ nìyẹn. Ògì àti àkàrà kó tó jáde, ìrẹsì nínú kúlà, iṣu tó bá dé, èbà lálẹ́. Mo máa ń jókòó tì í kó má baà jẹ ẹ́ kù. Omi á máa dà lójú rẹ̀, á máa gbé e mì, èmi á ní, "Jẹ ẹ́, kí inú rẹ lè san." Ó ń jẹun, ó ń rù. Ó sú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bínú sí ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tó bì nínú kíláàsì ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbé inú ikùn rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ebi?"

"Ebi kọ́, mà."

Mo ní kó tún un sọ. Ǹ bá ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹni mélòó ló ń sùn nínú yàrá? Márùn-ún. Omi wo la ń mu? Ti kànga. Ṣáláńgá ńkọ́? Ẹ̀yìn kànga náà ló wà. Ife mélòó la fi ń mumi? Ọ̀kan, orí dúrọ́ọ̀mù ló ń wà, gbogbo wa la ń lò ó. Ta ló ń bá ọmọ rún ẹran nígbà tó kéré? Ó wù mí kí n ní ìyá ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n èmi ni. Dókítà ní ó lè jẹ́ inú omi ló ti kó o, ó lè jẹ́ itọ́ ẹnu ẹlòmíràn, a ò lè mọ èyí tó jẹ́. Ó kọ oògùn fún wa, ó ní ká máa se omi ká tó mu ún.

Mo lọ bá baba onílé lórí ọ̀rọ̀ kànga. Wọ́n ní bàbá àwọn ló gbẹ́ ẹ, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n gùnfẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo pe ìyá ọkọ mi, mo ṣàlàyé fún wọn títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ò ní mú un lọ mọ́, àmọ́ kí n ṣì máa fún un lóúnjẹ.

Mo bu èbà fún ọmọ, mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó wo abọ́ náà.

"Ṣé Mọ́mì àgbà ti gbọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́."

"Wọn ò ní mú mi lọ mọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò bá a sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Mo ní rárá, wọn ò ní mú un lọ.

Ó rọra ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Tí mo bá ti jẹun ni inú máa ń run mí jù. Mò ń jẹ ẹ́ tán kí wọ́n má baà ní ẹ kì í fún mi lóúnjẹ ni."