Santiago Wo Lo Ti Wá?

Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi ní Peckham kì í béèrè ìlú ẹni. “Santiago wo lo ti wá?” ni wọ́n máa ń wí. Santiago ti Chile ni tiwọn; òmíràn wà ní Cuba àti Spain. Wọ́n ní Jákọ́bù Mímọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn ará Spain ló fi ọkọ̀ òkun gbé e káàkiri ayé.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, n kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, n kò sì jẹun. Bàbá dúró síta.

“Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ti ṣègbéyàwó?”

“Jákọ́bù Mímọ́, nílé.”

“Háà! Ọmọ ìlú mi kú, o ò sọ fún mi? Ṣílẹ̀kùn jàre!”

Mo ṣí i. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ àti ṣíbí méjì wọlé, wọn ò sì dìde títí mo fi jẹun tán.