Wọ́n na ọkọ mi nítorí irun òkè ojú mi

Ẹnu mi ló kó ọkọ mi sí wàhálà lónìí.

Òun ló sanwó tí mo fi lọ ṣe irun òkè ojú mi ní àdúgbò Hillbrow níbí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ àwọ̀ dúdú sí i. Ó wú, ó sì ti ń sé èépá. Wọ́n ní kí n má fomi kàn án, kí n má sì ṣí èépá náà.

Ìyá Bọ́lá, tí a jọ ń lo kíṣìnnì, ń ro páàpù, tùwó àgbàdo tí wọ́n ń jẹ níbí, lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí mi.

"Ìyàwó, ta ló ṣe ojú ẹ báyìí?"

Mo rò pé ó wù wọ́n ni. Ojú ń tì mí, mo dorí kodò.

"Ọkọ mi ló ṣe é fún mi, mà. Ó ní òun á tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀."

Bí ọkọ mi ṣe wọlé, ọmọrogùn ọwọ́ Ìyá Bọ́lá bà á lórí tòun ti páàpù gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Mo ń pariwo, "Abẹ́rẹ́ ni, mà!"

"Ó tún fi abẹ́rẹ́ gún ẹ?" Ni wọ́n bá tún là á mọ́lẹ̀.

Òkè ojú ẹ̀ ni wọ́n rán ní kíníìkì. Nọ́ọ̀sì ní kó má fomi kàn án, kó má sì ṣí èépá.

Ọkọ mi ní ká kó kúrò nílé yẹn. Èmi ò fẹ́. Mi ò ní ìyá níbí, àfi ẹni tó jà fún mi lónìí yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ọkọ mi?